Láti Ìdí Ìkòkò Dé Kọ́ńtà Ọlọ́pàá: Ìrírí Mi ní Òṣogbo

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù lọ ni pé kí ló kan àwọn tó ń se oúnjẹ fún aláìní nínú ọ̀rọ̀ àtìmọ́lé àti ọ̀rọ̀ ẹ̀yà. Wọ́n bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n bi mí ní Ọjà Ọba, àbúrò mi tó ń gbé Ìbàdàn náà bi mí lórí fóònù. Ìdáhùn mi kò gùn. Bí o bá ti ń bu oúnjẹ fún ènìyàn kan náà láti oṣù dé oṣù, tí o mọ orúkọ rẹ̀, tí o mọ̀ pé ìtọ̀ ṣúgà ń bá a jà kò sì lè jẹ ìrẹsì púpọ̀, ọjọ́ tí kò bá wá, wàá bèèrè rẹ̀. Bí wọ́n bá wá sọ fún ọ pé ó wà ní àtìmọ́lé nítorí pé ará Òkè Ọya ni, o ò lè padà sídìí ìkòkò kí o máa ro ẹ̀wà lọ bí ẹni pé o ò gbọ́.

A bẹ̀rẹ̀ nígbà ìséde kòrónà ní 2020. Obìnrin mélòó kan ni wá ní àdúgbò wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́, pẹ̀lú tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń bá wa kọ ìwé owó. Ọjà ti pa, mọ́tò ò rìn, ẹni tó jẹ́ pé ohun tó bá rí lóòjọ́ ló ń jẹ kò rí nǹkan kan mú wálé. A dá gàrí, ẹ̀wà àti epo jọ, a pín in láti ojúlé dé ojúlé. A rò pé bí ìséde bá ti parí, iṣẹ́ wa náà á parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún 2023, owó ọkọ̀ fò sókè, oúnjẹ tẹ̀lé e. Nígbà tí 2024 fi ń lọ sópin, àpò ìrẹsì ti kọjá ẹgbẹ̀rún lọ́nà 70 náírà, àwọn kan tó ń fún wa lówó tẹ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán ọmọ wá gba oúnjẹ. A kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ wọ́n. Ìyẹn ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí mo rí kọ́ nídìí iṣẹ́ yìí: ẹni tí ebi ń pa ní ìtìjú, bí o bá sì dójú tì í lẹ́ẹ̀kan, kò ní padà wá mọ́, ebi á máa pa á sílé.

Sátidé ni ọjọ́ wa. Igi la fi ń dáná nítorí pé gáàsì ti kọjá agbára wa. Nínú ìkòkò kan, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí a sè pọ̀. Nínú èkejì, ọbẹ̀ ata tó ní pọ̀nmọ́ wẹ́wẹ́. Oníkálukú ló ń mú ike tirẹ̀ wá. Ìyá Ẹlẹ́kọ ló ń bu oúnjẹ nítorí pé ọwọ́ wọn dọ́gba. Ẹni tó kọ́kọ́ dé àti ẹni tó dé kẹ́yìn, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n ń rí gbà. Mo fẹ́ kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí pé ìwọ̀n kan náà yẹn ló dá gbogbo ìjà tó tẹ̀lé e sílẹ̀.

Kí n tó dé ibẹ̀. Lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Baṣọ̀run, Ìbàdàn, ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá 2024, tí àwọn ọmọdé 35 kú nígbà tí èrò tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ níbi ayẹyẹ ọdún tí wọ́n ṣètò fún àwọn ọmọ, a ò pe èrò jọ sójú kan mọ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù yẹn kan náà, ènìyàn tún kú bẹ́ẹ̀ ní Òkíjà àti ní Àbújá, níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ. Ẹ̀rù bà wá. A pín àdúgbò sí ọ̀nà mẹ́rin, a fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní káàdì kékeré, a sì kọ orúkọ gbogbo wọn sínú ìwé. Tíṣà ló mú àbá ìwé náà wá, kí ètò lè wà. Ìwé náà ló wá di ohun tó wúlò jù lọ́wọ́ wa. Orúkọ tí a ò bá rí àmì níwájú rẹ̀ ní Sátidé méjì tẹ̀léra, a ní láti wá olórúkọ náà lọ.

Orúkọ inú ìwé náà sì pọ̀ ní oríṣiríṣi. Ojú irin ti kó onírúurú ènìyàn wá sí Òṣogbo kí wọ́n tó bí ìyá mi. Àwọn Hausa wà ní Sábó, àwọn Ìgbò ń ṣòwò, Ìgbìrà àti Ìgedé ń ṣiṣẹ́ oko, àwọn ará Tógò àti Ègùn láti Bẹ̀nẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà. Àwọn kan wà nínú wọn tí wọ́n bí gbogbo ọmọ wọn síbí, tí àwọn ọmọ náà ń sọ Yorùbá ju àwọn ọmọ tèmi lọ. Síbẹ̀, lórí ìlà oúnjẹ, mò ń gbọ́ ọ: “Ẹ jẹ́ kí ọmọ onílẹ̀ kọ́kọ́ gbà.” “Àwọn Gàmbàrí wọ̀nyí tún ti dé.” Ebi ń pa àwọn tó ń sọ ọ́, wọ́n rò pé oúnjẹ ò ní kárí. Èyí tó dùn mí ni pé ó wọ inú ìpàdé wa. Alhaja aláṣọ, tí wọ́n ti ń fi tọkàntọkàn ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, dá a lábàá pé ká fi àwọn àjèjì sọ́tọ̀, kí wọ́n máa gba ohun tó bá ṣẹ́ kù sí ìdí ìkòkò. Wọ́n ní owó ọmọ Òṣogbo la fi ń se é. Tíṣà dáhùn pé ọmọ Ìgbò tó ń ta páàtì mọ́tò ló fún wa ní ẹ̀wà oṣù yẹn. Ariwo sọ.

Èmi ò kàwé òfin. Ìtàn ìyá mi ni mo sọ fún wọn. Kùmásì ni ìyá mi ti ń ṣòwò ní kékeré, bí ọ̀pọ̀ ará Ìnísà, Èjìgbò, Ọ̀fà àti Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹ mọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi sí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, kéde pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ wá a rí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó fi Gánà sílẹ̀. Ta ló ní ìwé? Ẹni tí bàbá rẹ̀ ti wà nínú ọjà láti ayé òyìnbó, tó ti kọ́lé, tó ti fọ́mọ fún ọmọ ibẹ̀, kò mọ̀ rí pé òun nílò ìwé kan. Ìyá mi ní ohun tó ya àwọn lẹ́nu jù ni bí àwọn tí wọ́n jọ ń jẹ tí wọ́n jọ ń mu ṣe yí padà. Oníbàárà tó jẹ wọ́n lówó ní òun ò jẹ gbèsè àlejò. Wọ́n ta ẹ̀rọ ìránṣọ wọn ní ọ̀pọ̀, wọ́n pọn ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n wọ lọ́rì.

Àmọ́ wọn kì í sọ ìtàn náà láì fi èyí kún un. Obìnrin Àṣáńtì kan gbé kẹ́ńkẹ́ àti ẹja dídín wá sí gáréèjì, ó ń há a fún àwọn tó ní ọmọ lọ́wọ́. Bó ṣe ń há a ló ń bú àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi àwọn tó ń lọ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó pe orúkọ ìyá wọn mọ́ wọn lára. Ìyá mi ní kẹ́ńkẹ́ yẹn ò tó wọn jẹ dé ibodè, ṣùgbọ́n títí wọ́n fi kú ni wọ́n ń rántí ohùn obìnrin yẹn.

Nígbà tó di oṣù Kìíní 1983, ìjọba Nàìjíríà náà fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn tó lọ lé ní mílíọ̀nù kan, ará Gánà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Mo rántí tíṣà ìṣirò wa, ọmọ Gánà ni, bó ṣe ń di ìwé rẹ̀ sínú báàgì. Ìyá mi se ìrẹsì, èmi ni mo rù ú lọ fún un. Wọ́n tún lọ bá onílé rẹ̀ pé owó ilé tó ti san sílẹ̀, kó dá a padà fún un. Onílé dá a padà.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, Alhaja ò dá mi lóhùn, wọn ò sì sọ pé mo tọ̀nà. Ṣùgbọ́n wọn ò mú àbá náà wá mọ́. A fẹnu kò pé a ò ní bèèrè ìlú ẹnikẹ́ni nídìí ìkòkò, àti pé ẹni tó bá bú ẹ̀yà ẹlòmíràn lórí ìlà, a máa bá a sọ̀rọ̀, a ò ní torí ẹ̀ fi oúnjẹ dù ú.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ àtìmọ́lé dé. Wọ́n ń fọ́ ṣọ́ọ̀bù ní àdúgbò, inú ń bí gbogbo ènìyàn, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Lóru ọjọ́ kan, wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń sùn síwájú ṣọ́ọ̀bù nítòsí Sábó: àwọn tó ń ti ọmọlanke, àwọn tó ń rán bàtà, àwọn alágbàáru. Kò sí ẹni tó dárúkọ ọ̀kan nínú wọn pé òun ló jalè. Mẹ́ta nínú wọn ní káàdì wa. Àmì ò sí níwájú orúkọ wọn ní Sátidé yẹn, kò sí ní èyí tó tẹ̀lé e. Ìyá Ẹlẹ́kọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn Hausa tó ń ta àlùbọ́sà, wọ́n sọ ibi tí wọ́n wà.

Mo gbé ike oúnjẹ mẹ́ta, mo lọ. Ọlọ́pàá tó wà ní kọ́ńtà fi ṣíbí tú oúnjẹ náà látìsàlẹ̀ bóyá a fi nǹkan pamọ́ sínú rẹ̀, ó ní kí n kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀ kí òun rí i. Mo jẹ ẹ́. Lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ọ̀fẹ́ ni bélì. Ó ṣí ọ̀nà kékeré kan fún mi dé ẹnu sẹ́ẹ̀lì. Òórùn tó kọ lù mí níbẹ̀, mi ò ní ṣàpèjúwe rẹ̀. Ike mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ mi, ọwọ́ tó yọ jáde láàárín irin ju mẹ́ta lọ fíìfíì. Ọmọkùnrin kan ò na ọwọ́. Ó jókòó ti ògiri, ó ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ ṣáá, kò sì sí ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀, yálà nínú sẹ́ẹ̀lì tàbí ní kọ́ńtà.

Lálẹ́, mo padà pẹ̀lú kúlà ńlá kan àti Àǹtí oníwàrà láti Sábó. Àǹtí tẹ̀ mọ́ irin, wọ́n bá a sọ̀rọ̀ ní Hausa díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé ọmọlanke òun tí òun ń yá lójoojúmọ́ wà níta, olówó rẹ̀ á rò pé òun jí i gbé. Ohun tó ń dà á láàmú nìyẹn. Kò mọ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan òun, torí pé kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún un ní èdè tó gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí èyí díẹ̀, torí pé púpọ̀ nínú wa ò mọ̀ ọ́n. Abala 35 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú gbọ́dọ̀ gbọ́ ìdí tí wọ́n fi mú un láàárín wákàtí 24, ní kíkọ sílẹ̀, ní èdè tó yé e. Ó sọ pé bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n ti mú un, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti gbé e débẹ̀. Nínú ìgboro Òṣogbo, ẹsẹ̀ lèèyàn lè fi rìn láti àgọ́ ọlọ́pàá dé kóòtù májísíréètì. Abala kan náà sọ pé ẹni tí wọ́n bá tì mọ́lé lọ́nà tí kò bófin mu ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-má-bínú àti ẹ̀bẹ̀ ní gbangba. Abala 42 sì ní ọmọ Nàìjíríà kankan ò gbọ́dọ̀ jìyà nítorí ẹ̀yà rẹ̀, ìlú tó ti wá tàbí ẹ̀sìn rẹ̀. Lọ́yà kan tó ń ran aláìní lọ́wọ́ ló kọ gbogbo rẹ̀ sórí pépà fún wa, Tíṣà tú u sí Yorùbá tó já gaara, Àǹtí oníwàrà bá wa tú u sí Hausa. A lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara kúlà. Ibi tí oúnjẹ bá dé, òfin náà ti dé ibẹ̀.

A ò lọ pariwo ní àgọ́. Àwọn ọ̀dọ́ kan fẹ́ ká gbé pátákó, ká dí títì. Mo ní ká kọ́kọ́ kọ̀wé. A kọ orúkọ gbogbo ẹni tí a rí nínú sẹ́ẹ̀lì àti ọjọ́ tí wọ́n mú wọn. Olórí àwọn Hausa ní Sábó fọwọ́ sí i, ìmáàmù àdúgbò wa, pásítọ̀ wa, alága ẹgbẹ́ onílé, àti àwọn ìyálọ́jà. A ṣe é ní ẹ̀dà púpọ̀, a rí i pé wọ́n tẹ òǹtẹ̀ pé àwọn ti gba ìwé náà lu ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ wa. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, má ṣe kúrò níbẹ̀ láì gba òǹtẹ̀ yẹn. Ìwé tí wọn ò bá tẹ òǹtẹ̀ lù, wọ́n lè sọ lọ́la pé àwọn ò rí i. Lọ́yà gbé ẹ̀dà kan lọ sí kóòtù. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, wọ́n fi àwọn tó pọ̀ jù sílẹ̀ láì fẹ̀sùn kàn wọ́n. Wọ́n gbé méjì lọ sí kóòtù, a ò sì bá wọn jà lórí ìyẹn: kóòtù ni ẹ̀sùn yẹ kó wà, kó má wà nínú òkùnkùn lẹ́yìn kọ́ńtà.

Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé oúnjẹ ló jẹ́ kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Bí mo bá ti lọ gẹ́gẹ́ bí ajàfẹ́tọ̀ọ́, kọ́ńtà ni ọ̀rọ̀ mi ì bá parí sí. Ìyá tó gbé oúnjẹ dání, ó ṣòro fún ọmọ ènìyàn láti lé e padà. Ọlọ́pàá náà ń jẹ nínú rẹ̀ nígbà mìíràn. Owó oṣù tiwọn náà ò tó nǹkan, mo sì ti bu oúnjẹ fún ìyàwó ọ̀kan nínú wọn rí.

Ó ná wa ní nǹkan. Wọ́n ní a ń ti olè lẹ́yìn. Oníṣòwò kan tó ń fún wa ní ìrẹsì láti 2021 dá ọwọ́ dúró; ó ní òun ò lè bọ́ àwọn tó ń jí ènìyàn gbé lójú ọ̀nà. Mi ò fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré. Àwọn ajínigbé ti ṣe ìdílé púpọ̀ léṣe ní ìpínlẹ̀ wa, ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan ta ilẹ̀ kó tó rí ọmọ rẹ̀ gbà padà. Mo fẹ́ kí wọ́n mú ẹni tó ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kí wọ́n gbé e dé kóòtù, kó sì jìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kó ogún alágbàáru tí kò ṣẹ̀ nítorí pé èdè kan ni wọ́n ń sọ, ajínigbé náà ṣì wà nínú igbó, kò sẹ́ni tó wá a lọ. Mo sọ èyí fún oníṣòwò náà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó gbọ́ mi parí. Kò padà, mo sì ṣì ń kí i.

Ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ lákínyẹmí ara ni Tíṣà. Ọmọ wọn ọkùnrin wà ní ìlú Ọba. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ parí, wọ́n sì gbé e lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ibùdó tí wọ́n ń ti àwọn àjèjì mọ́. Tíṣà ò sọ fún ẹnikẹ́ni fún ìgbà pípẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́, a ń ṣa ẹ̀wà ni, wọn ò gbójú sókè. Fóònù kékeré tí kò ní kámẹ́rà ni ọmọ náà fi ń pè wọ́n, torí pé wọn kì í jẹ́ kí wọ́n mú èyí tó ní kámẹ́rà wọlé síbẹ̀. Ó ń fọ ilẹ̀ níbẹ̀ fún pọ́n-ùn kan ní wákàtí kan. Kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n, kò sí adájọ́ tó dá a lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ohun tó sì burú jù ni pé òfin ilẹ̀ yẹn ò fi gbèdéke sí iye ọjọ́ tí wọ́n lè ti àgbàlagbà mọ́ ibẹ̀. Ẹlẹ́wọ̀n mọ ọjọ́ tó máa jáde. Òun ò mọ̀.

Àwọn tó dúró tì í ló jẹ́ kí Tíṣà sọ ọ́ fún wa. Àwọn ará àdúgbò kan ní ìlú Ọba níbẹ̀ ni wọ́n, tó ń pín oúnjẹ fún àwọn asásàálà tí ìjọba ò jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́, tí owó ìrànwọ́ wọn ò tó 50 pọ́n-ùn lọ́sẹ̀. Oúnjẹ inú agolo, ìrẹsì, ìlédìí ọmọ ni wọ́n ń pín. Ṣùgbọ́n àwọn náà ló ń bẹ ọmọ Tíṣà wò, tí wọ́n bá a wá lọ́yà, tí wọ́n lọ jókòó sí ìpàdé káńsù ìlú wọn láti sọ pé àwọn ò fẹ́ kí wọ́n kọ́ ibùdó àtìmọ́lé mìíràn sí agbègbè àwọn, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ ní gbangba pé ẹlẹ́yàmẹyà ló wà nídìí irú ẹni tí wọ́n ń mú jù. Tíṣà ní, “Òyìnbó obìnrin kan tí mi ò rí rí ló ń pe ọmọ mi ní ọmọ rẹ̀. Ta ni mo wá jẹ́ tí mi ò lè pe ọmọ Hausa ní ọmọ mi?”

Láti ọjọ́ náà, Tíṣà ló ń lọ sórí rédíò fún wa. Wọ́n ń rán àwọn olùgbọ́ létí ohun tí a jọ sunkún lé lórí: fídíò Líbíà ní 2017, níbi tí wọ́n ti ń ta ènìyàn dúdú bí ẹran, àti àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti mọ́ ibùdó níbẹ̀ kí wọ́n tó fi ọkọ̀ òfurufú kó wọn padà wálé; Gúúsù Áfíríkà ní 2019, nígbà tí wọ́n ń sun ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ wa. Wọ́n á ní ẹ wo ọgbà tí wọ́n fi sọrí Nelson Mandela láàárín ìgboro Òṣogbo, ọkùnrin tó lo ọdún 27 lẹ́wọ̀n nínú ìjà ẹlẹ́yàmẹyà, a ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Ẹnì kan pè wọlé lọ́jọ́ kan pé kí Tíṣà kó àwọn Gàmbàrí náà lọ sílé ara wọn. Tíṣà fi sùúrù dá a lóhùn pé méjì ń gbé ní bọ́ìsì kọ́tà àwọn, wọ́n sì ń san owó ilé lásìkò.

Ọ̀rọ̀ ilé yẹn la wá gbájú mọ́. Àwọn onílé kan ò ní fún Ìgbò ní yàrá, àwọn mìíràn ò ní fún ará Òkè Ọya, ẹ̀jẹ́ńtì á sì kọ́kọ́ bèèrè pé, “Ará ibo ni yín?” kó tó bèèrè owó. A lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ onílé ní àdúgbò wa, a bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe fi ẹ̀yà díwọ̀n ayálégbé: kí wọ́n bèèrè iṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n bèèrè oníduro. Àwọn kan gbà, àwọn kan ní ilé àwọn ni, ohun tó wu àwọn làwọn á ṣe. A tún padà lọ. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kì í wọlé lẹ́ẹ̀kan, àti pé ó dáa kó jẹ́ onílé ẹgbẹ́ wọn ló ń bá wọn sọ ọ́. Alhaja aláṣọ ní ilé méjì ní Òkè Báálẹ̀. Mi ò mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n dìde lẹ́ẹ̀kejì tí wọ́n sọ fún wọn pé ayálégbé tó ń jẹ àwọn lówó jù, ọmọ Òṣogbo ni.

Olóṣèlú kan fẹ́ fún wa ní ìrẹsì púpọ̀, pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀ lára àpò. A dúpẹ́, a kọ̀ ọ́. Ó dun àwọn kan nínú wa, torí pé ìrẹsì yẹn ì bá tó wa fún oṣù mélòó kan. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a bá fẹ́ kọ̀wé nípa àtìmọ́lé, ta ni wọ́n máa ní ó rán wa?

Ohun tí a ń lé báyìí ni pé kí májísíréètì máa yẹ sẹ́ẹ̀lì wò. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 sọ pé ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí májísíréètì lọ wo àwọn àgọ́ ọlọ́pàá tó wà lábẹ́ rẹ̀, kó bèèrè ìwé àwọn tí wọ́n tì mọ́lé, kó sì lè fún ẹni tó tọ́ sí ní bélì níbẹ̀. Òfin kan náà ní wọn ò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn nítorí gbèsè lásán, wọn ò sì gbọ́dọ̀ mú ìyá dípò ọmọ. A ti kọ ìwé méjì lórí rẹ̀, òǹtẹ̀ wà lára méjèèjì. À ń kọ ẹ̀kẹta lọ́wọ́, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ àwọn tí a ti gbé oúnjẹ lọ fún, ọjọ́ tí wọ́n mú wọn àti ọjọ́ tí wọ́n jáde, láìfi orúkọ wọn hàn.

A ti ní ẹni tó ń túmọ̀ Hausa, a ní ti Ìgbò, a ní ti Ìgbìrà. A ò tíì ní ti Ìgedé àti Ègùn, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn bíríkìlà Ègùn pọ̀ nínú àwọn tí a bá ní sẹ́ẹ̀lì lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀kan nínú èdè méjèèjì dáadáa, tó lè jáde lálẹ́ bí a bá pè é, kó yà sọ́dọ̀ wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Sátidé kí agogo mẹ́wàá tó lù. Bí oúnjẹ bá ti jinná, ọwọ́ wa kì í dilẹ̀ mọ́.